Tánganran Ààfin: Ìperí fún Àwo Àwọn Ọba Ilẹ̀ Yúróòpù

Bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta, tí ó sì yà sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta abọ́ ní Àpáta, yóò ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kan ni a fi ń pe ohun púpọ̀. Àwo funfun tí ó máa ń fọ́ bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, tánganran ni. Abọ́ onírin tí a ya òdòdó sí lára, èyí tí kì í fọ́ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ máa ń bó títí irin inú rẹ̀ yóò fi dógùn-ún, a rí àwọn tí ń pe òun náà ní tánganran. Ẹni tí ó bá sì ṣí Bíbélì Mímọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́, yóò bá tánganran nínú ìwé Númérì, orí 31, ẹsẹ 22, láàrin wúrà, fàdákà, idẹ, irin àti òjé. Níbẹ̀, kì í ṣe àwo rárá. Irin funfun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tíìnì ni.

Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí lójà. Ọlọ́jà mọ ohun tí ó ń tà, ẹni tí ó ń rà sì ń fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni ó yàtọ̀. Ní Àpáta yìí kan náà ni Government College, Ìbàdàn, wà, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1929. Nínú yàrá ìdánwò kẹ́míkà ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, abọ́ kékeré funfun kan a máa wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ka iná títí yóò fi pọ́n bí ẹyín iná, láìjẹ́ pé ó yọ́ tàbí pé ohun inú rẹ̀ jẹ ẹ́. Bí olùkọ́ tí ń fi èdè Yorùbá kọ́ni bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé tánganran ka iná, tí èyí sì lọ gbé abọ́ onírin, ìbora abọ́ náà yóò sán, irin yóò sì bá ohun tí ó wà nínú rẹ̀ pàdé. Bí ó bá jẹ́ tánganran inú Bíbélì ni ó gbé, kí ìgbóná tó dé dígírì 233 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígréèdì ni yóò ti di omi lójú iná. Ìperí tí ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà báyìí kò tíì di ìperí.

Àwo tí a ṣe fún ààfin àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni a fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìdí ni pé kò sí ibòmíràn tí ìbéèrè náà, pé kí ni a fi ṣe nǹkan yìí gan-an, ti gba owó àti ẹ̀mí ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni àwọn àwo wọ̀nyí jọra wọn lójú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìperí tí ó bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ní í kọsẹ̀ níbòmíràn.

Ohun tí tánganran jẹ́

Gbogbo ohun tí a fi amọ̀ ṣe, láti orí ìṣaasùn títí dé ife tíì ọba, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí á bi í: irú amọ̀ wo ni a fi mọ ọ́n, báwo ni iná tí a fi sun ún ti gbóná tó, kí ni a sì fi bo ara rẹ̀? Amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù àti ti Ìlọrin ń lò ní èròjà irin nínú; òun ni ó ń sọ ìkòkò di pupa nígbà tí iná bá jó o. Orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ti ń fi igi àti koríko sun ún, ìgbóná rẹ̀ a sì máa wà láàrin nǹkan bí dígírì 600 sí 900. Ní ìwọ̀n yìí, amọ̀ ti le, kò lè tún padà di ẹrẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ihò tín-tìn-tín ṣì wà nínú ara rẹ̀. Kì í ṣe àbùkù ni àwọn ihò náà. Nítorí wọn ni omi inú àmù fi ń tutù: omi a máa yọ díẹ̀díẹ̀ sí ara àmù, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ, ìgbóná a sì bá a lọ.

Tánganran kò gba omi. Nǹkan mẹ́ta ni a pò pọ̀ láti fi ṣe èyí tí ó jẹ́ ojúlówó. Èkínní ni amọ̀ funfun tí kò ní irin nínú, tàbí tí irin inú rẹ̀ kò tó nǹkan, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní kaolínì láti ara orúkọ òkè Gaoling, nítòsí ìlú Jingdezhen ní ilẹ̀ Ṣáínà. Èkejì ni òkúta fẹ́lísípà tí a lọ̀ kúnná. Ẹ̀kẹta ni kuọ́tísì, tí ó jẹ́ ìyá iyanrìn. Inú iléru ni a ti ń sun ún, ìgbóná rẹ̀ sì ní láti tó dígírì 1,300 sí 1,400. Fẹ́lísípà ni ó kọ́kọ́ ń yọ́. Yóò ṣàn wọ inú gbogbo ihò, yóò sì di dígí níbẹ̀. Kaolínì kì í yọ́ ní tirẹ̀, òun ni ó di àwo mú kí ó má baà wó lulẹ̀ nínú iná. Ohun tí ó jáde a funfun, a le, a máa dún bí agogo bí a bá fi èékánná kàn án, bí ó bá sì fẹ́lẹ́, ẹni tí ó gbé e sókè sí oòrùn yóò rí òjìji ìka ara rẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ fọ́, ojú ibi tí ó ti fọ́ kì í fa omi. Níbi tí ìṣaasùn bá ti fọ́, ahọ́n a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Kì í lẹ̀ mọ́ tánganran.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí kaolínì. Àwọn olùkọ́ mìíràn ti ń pè é ní ẹfun, èyí kò sì jìnnà sí òtítọ́, nítorí pé amọ̀ funfun irú rẹ̀ ni a ń rọ ní ẹfun ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹfun kan náà ni a ti fi ń pe ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń kọ̀wé sójú pátákó, orí èròjà kálísíọ́mù sì ni ìyẹn dúró lé. Kaolínì kò ní kálísíọ́mù. Àlùmíníọ́mù, sílíkọ́nì, ọ́síjìn àti háídírójìn ni ó wà nínú rẹ̀. Ó sàn kí á fi ẹfun sílẹ̀ fún Ọbàtálá àti fún ọjà, kí á sì lo kaolínì nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Kì í ṣe ohun àjèjì lórí ilẹ̀ wa: a rí i ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, a sì rí i ní Ìfọ́nyìntẹ̀dó ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọba tí ó fi ọmọ-ogun ra àwo

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ará Ṣáínà nìkan, àti lẹ́yìn náà àwọn ará Kòríà àti Jàpáànù, ni ó mọ bí a ti ń ṣe tánganran. Àwọn ará Yúróòpù ń rà á, wọn kò sì mọ ohun tí ó jẹ́. Orúkọ tí wọ́n fún un fi èyí hàn. Owó ẹyọ ni àwọn ará Ítálì ń pè ní porcellana. Nítorí pé ara àwo Ṣáínà ń dán bí ẹ̀yìn owó ẹyọ ni wọ́n ṣe gbé orúkọ náà fún un, òun náà ni ó sì di porcelain lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ń ro pé èdè Yorùbá nìkan ni ó ń fi bí nǹkan ti rí lójú sọ ọ́ lórúkọ, kí ó rántí owó ẹyọ yìí.

Kò sí ẹni tí ìfẹ́ àwo yìí mú tó Augustus, tí a ń pè ní Alágbára, olórí ilẹ̀ Sáksónì ní Jámánì tí ó tún jẹ ọba Pólàndì. Ní 1717, ó fún ọba Prọ́ṣíà ní 600 ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin, ó sì gba 151 àwo Ṣáínà ní pàṣípààrọ̀. Títí di òní ni a ń fi orúkọ àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyẹn pe àwọn ìkòkò ńláńlá tí ó wà lára àwọn àwo náà. Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni pé nígbà tí ó ṣe pàṣípààrọ̀ náà, ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ti ń ṣe tánganran fún ọdún méje.

Bí ó ti ní ilé iṣẹ́ náà nìyí. Ní 1701, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a ń pè ní Johann Friedrich Böttger, tí ó ń fọ́nnu pé òun lè sọ irin lásán di wúrà, sá kúrò ní Prọ́ṣíà nítorí pé ọba ibẹ̀ ń wá a. Ọwọ́ Augustus ni ó bọ́ sí. Augustus tì í mọ́lé kí ó lè máa ṣe wúrà fún òun nìkan. Wúrà kò jáde. Nígbà tí ó yá, a fi í sábẹ́ ọ̀mọ̀wé Ehrenfried Walther von Tschirnhaus, ẹni tí ó ti ń lo dígí ńlá láti kó ìtànṣán oòrùn jọ sójú kan kí ó lè mọ irú erùpẹ̀ tí ń yọ́ àti èyí tí kì í yọ́. Àwọn méjèèjì kò wá òye nínú bí àwo Ṣáínà ti rí lójú. Ohun tí ìgbóná ńlá ń ṣe fún oríṣiríṣi erùpẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọ́n sì ń kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní, 1708, Böttger ti kọ ìwọ̀n èròjà tí ó ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Tschirnhaus kú ní ọdún kan náà. Ní 1710, ọba dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ilé olódi Albrechtsburg ní ìlú Meissen, níbi tí ó ti rọrùn láti ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kí àṣírí má baà jáde. Ẹni tí a tì mọ́lé kí ó lè ṣe wúrà, amọ̀ ni ó sọ di ohun tí a ń fi wúrà rà. Kò pé ogójì ọdún tí ó fi kú ní 1719. Àṣírí náà ti jáde nígbà náà: ní 1718, ilé iṣẹ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ ní Vienna.

Láti Meissen ni àṣà àwo odidi ti gbilẹ̀, èyíinì ni pé gbogbo ohun tí a ó fi jẹun lórí tábìlì kan, láti orí abọ́ ọbẹ̀ títí dé ìkòkò ṣúgà, yóò jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Àwo Pẹ́pẹ́yẹ Funfun Ọlọ́rùn Gígùn, tí Johann Joachim Kändler àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún Heinrich von Brühl, olórí àwọn ìjòyè ọba, láàrin 1737 sí 1742, lé ní 2,000 lóǹkà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ṣègbé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ọbabìnrin kan, irú àwo mẹ́ta

Catherine Kejì, tí ó jọba ní Rọ́ṣíà láti 1762 sí 1796, ni ó wúlò jùlọ fún ọ̀rọ̀ ìperí, nítorí pé láàrin ọdún mẹ́wàá péré ni àwo odidi mẹ́ta wọlé sí ààfin rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ara wọn kò sì bá ara wọn mu.

Ti Jámánì ni èkínní. Ilé iṣẹ́ Berlin, tí ó ti di ti ọba Frederick Kejì ti Prọ́ṣíà láti 1763, ni ó ṣe é láàrin 1770 sí 1772, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ọba fún ọbabìnrin. Ère Catherine lórí ìtẹ́ ni ó dúró ní àárín tábìlì, àwọn ère ẹ̀yà ènìyàn tí ó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ sì yí i ká. Tánganran tòótọ́ ni: kaolínì, fẹ́lísípà, àti iná ńlá.

Ti Fáransé ni èkejì. Ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Vincennes ní 1740, tí ó kó lọ sí Sèvres ní 1756, tí ó sì di ti ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ní 1759, ni ó gba iṣẹ́ rẹ̀ ní 1776 tí ó sì parí rẹ̀ ní 1779, fún 60 ènìyàn tí yóò jọ jókòó jẹun. Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Catherine wà ní àárín àwo kọ̀ọ̀kan, a sì ya orí àwọn ará ìgbàanì sí etí rẹ̀ bí ẹni pé a gbẹ́ wọn sára òkúta iyebíye. Owó rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àríyànjiyàn fi dìde lórí bí a ó ti san án. Àwọ̀ rẹ̀ ni ó sì ń fa ojú jùlọ, àwọ̀ aró tí ó mọ́ bí ojú ọ̀run ọ̀sán. Ṣùgbọ́n kò sí kaolínì nínú ara àwo náà. Kí àwọn ará Fáransé tó rí kaolínì ní Saint-Yrieix, nítòsí Limoges, ní 1768, ìyẹ̀fun dígí ni wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ funfun díẹ̀ láti fi ṣe ohun tí ó jọ tánganran. Iná rẹ̀ kéré sí ti ojúlówó, ọ̀bẹ sì lè ha ìbora rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé wọ́n ti ní kaolínì ní ọdún mẹ́jọ kí iṣẹ́ Catherine tó dé yóò béèrè ìdí tí wọn kò fi lò ó. Àwọ̀ aró ojú ọ̀run náà ni ìdí: ara àwo rírọ̀ nìkan ni ó ti ń rí bí ó ti yẹ kí ó rí, nítorí pé ìbora rẹ̀ a máa yọ́ díẹ̀ nígbà tí a bá tún sun ún, tí àwọ̀ á sì rì sínú rẹ̀.

Ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kẹta. Josiah Wedgwood ni ó ṣe é láàrin 1773 sí 1774: àwo 952, tí a ya àwòrán 1,222 sí lára, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ilé, odò, òkè àti ààfin ilẹ̀ Bìrìtìkó. Ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ ewé kékeré kan wà ní etí àwo kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ààfin tí a ṣe é fún wà níbi tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí irà ọ̀pọ̀lọ́. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣàkíyèsí ni pé àwo yìí kì í ṣe tánganran rárá. Amọ̀ funfun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti òkúta ìbọn tí a lọ̀ kúnná ni a fi mọ ọ́n, ìbora olójé ni ó dán lára rẹ̀, ara rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀ bí ọ̀rá ojú wàrà. Bí a bá gbé e sí oòrùn, kò sí òjìji ìka kankan tí yóò hàn.

Bí oníṣẹ́ ìtumọ̀ bá wá kọ “àwo tánganran ti Catherine” fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti sọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ nípa ẹ̀kẹta, ó sì ti bo ohun pàtàkì mọ́lẹ̀ nípa èkejì.

Àwọ̀ àti wúrà

Ìbora tí ó ń dán lára àwo, dígí ni. Àwọ̀ tí a fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára rẹ̀, dígí tí a pò mọ́ èròjà irin kan tàbí òmíràn ni. Ó kéré ni àwọ̀ tí ó lè fara da dígírì 1,400. Kóbọ́ọ̀tì ni ó lè ṣe é dáadáa. Ìdí nìyí tí àwọ̀ aró fi wà lábẹ́ ìbora lára àìlóǹkà àwo Ṣáínà àti ti Yúróòpù, tí fífọ̀ kò sì lè pa á rẹ́. Pupa tí ó wá láti ara irin, ewé tí ó wá láti ara bàbà, àti àwọ̀ òsùn tí ó wá láti ara wúrà gan-an, orí ìbora ni a ti ń kùn wọ́n, a ó sì tún àwo sun lẹ́ẹ̀kejì nínú iná tí kò le tó ti àkọ́kọ́, ní nǹkan bí dígírì 800. Wúrà dídán ni ó máa ń kẹ́yìn. Johann Gregorius Höroldt, tí ó dé Meissen ní 1720, ni ó mú kí àwọ̀ orí ìbora pọ̀ ní Yúróòpù. Nítorí náà, “lábẹ́ ìbora” àti “lórí ìbora” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ìtàn iye ìgbà tí àwo wọ iná ni.

Àwo tí ó yẹ kí onímọ̀ ìperí fẹ́ràn jùlọ ni ti Denmark, tí a ń pè ní Flora Danica. Ní 1790 ni a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ọba ní Copenhagen; nígbà tí a dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní 1802, ó ti di 1,802. Inú ìwé ńlá kan tí ó kó gbogbo ewéko ilẹ̀ náà jọ ni a ti da àwọn àwòrán inú rẹ̀ kọ, ọwọ́ Johann Christoph Bayer sì ni ó ya èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú wọn. Kò fi ewéko ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: gbòǹgbò, èso àti kòkòrò tí ó ti jẹ ewé, gbogbo rẹ̀ ni ó yà. Bí a bá yí àwo dojú dé, orúkọ Látìnì ti ewéko náà ni a óò bá ní ìdí rẹ̀. Ọba tí ó bá jẹun tán lórí àwo yìí lè mọ orúkọ ohun tí ó wà ní abẹ́ oúnjẹ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti ń pè é.

Ìperí tí a dábàá

Kò yẹ kí á lé tánganran kúrò lẹ́nu ènìyàn. Ó ti pẹ́ nínú èdè, àwọn Hausa pàápàá ní tangaran fún irú àwo bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó fẹ́ fi pọ́sílénì rọ́pò rẹ̀ kò sì mú ohun tuntun wá ju owó ẹyọ àwọn ará Ítálì lọ. Ohun tí ó yẹ ni kí á dín ohun tí ó ń rù kù. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, kí tánganran jẹ́ orúkọ ara àwo tí iná ti sọ di dígí dé àárín, tí kì í fa omi, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń là kọjá bí ó bá fẹ́lẹ́. Lábẹ́ oríkì yìí, tánganran líle ni ti Meissen àti ti Berlin, tánganran rírọ̀ ni ti Sèvres àtijọ́, tánganran eléegun sì ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pò eérú egungun màlúù mọ́ láti òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ti Wedgwood, amọ̀ oníbora ni. Iṣẹ́ tí Michael Cardew bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Abuja àtijọ́, tí ó ti di Sulèjà nísinsìnyí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, níbi tí Ladi Kwali ti di olókìkí, amọ̀ òkúta ni: kò fa omi, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kì í là á kọjá.

Abọ́ onírin ni ó ṣòro díẹ̀. Àwọn tí ń pè é ní tánganran kò ṣàdédé ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé dígí ni ìbora rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti àwo. Ojú wọn kò tàn wọ́n jẹ. Awọ ni ó jọra, ara ni ó yàtọ̀. Irin oníbora ni kí á máa pè é. Ní ti irin inú Bíbélì, kí tíìnì gba ipò rẹ̀ nínú ìwé kẹ́míkà. Ó sì dára kí olùkọ́ mọ ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé: kí Yúróòpù tó mọ tánganran ṣe, èérú tíìnì ni wọ́n ń pò mọ́ ìbora láti fi sọ amọ̀ pupa tàbí amọ̀ eléèérí di funfun, kí ó lè jọ àwo Ṣáínà. Irú àwo bẹ́ẹ̀, amọ̀ oníbora tíìnì ni orúkọ tí ó bá a mu.

Ibi tí oríkì yìí ti ní ààlà

Ibì kan wà tí ara àwo nìkan kò ti tó láti fi sọ ọ́ lórúkọ, ibẹ̀ ni àwo ààfin sì ti wọ ilé àwọn ọmọ Yorùbá gan-an. Láti òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni abọ́ ọbẹ̀ ńlá onídèérí ti gba àárín tábìlì ní ààfin Fáransé. Láti ibẹ̀ ni gbogbo ilé iṣẹ́ tánganran ti ń ṣe é, tí ó sì di ohun tí olówó ń lò ní Spéìnì àti ní Kúbà. Sopera ni àwọn elédè Spéìnì ń pè é. Nígbà tí ó yá, àwọn Lùkùmí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti àwọn arọ́mọdọ́mọ wọn, fi abọ́ yìí ṣe ilé fún ọta àwọn òrìṣà. Funfun ni ti Ọbàtálá, aró àti funfun ni ti Yemọja, àwọ̀ ìyeyè ni ti Ọ̀ṣun. Kì í ṣe gbogbo òrìṣà ni ó gba tánganran: abọ́ onígi ni ti Ṣàngó, ìkòkò irin ni ti Ògún. Ìsìn tí a fi ń sọ ènìyàn di ìyàwó òrìṣà níbẹ̀, ìwúyè ni wọ́n ń pè é, ìtẹ́ ni wọ́n sì ń pe ibi tí a tẹ́ àwọn abọ́ náà sí. David H. Brown ti kọ̀wé lé èyí lórí ní 2003.

Àwọn kan yóò ní ọ̀làjú ni ó gba ipò àṣà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé òrìṣà onídèérí ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá: Àbátàn, amọ̀kòkò Òkè-Ọdàn tí Robert Farris Thompson kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1969, a máa mọ àwo onídèérí fún Ẹyinlẹ̀, ère obìnrin a sì wà lórí ìdérí rẹ̀. Ohun tí àwọn Lùkùmí rí nínú sopera ni ìdérí, ikùn tí ó yọ, àti ọlá ọba. Ara rẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tánganran. Ní Brazil, igbá ni àwọn olùsìn ṣì ń pe ohun ìjókòó òrìṣà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tánganran ni a fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, oníṣẹ́ ìtumọ̀ tí ó bá bá sopera pàdé nínú ìwé àwọn Lùkùmí, tí ó sì kọ “abọ́ ọbẹ̀”, ti sọ ohun mímọ́ di ohun ìdáná. Bí ó bá kọ “tánganran” nìkan, ara ni ó sọ, kò sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Méjèèjì ni ó yẹ kí ó wà, iṣẹ́ ṣáájú, kí ara tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí a ó ti kọ ọ́ sára páálí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé: “Igbá Yemọja. Abọ́ ọbẹ̀ onídèérí, tánganran líle. Àwọ̀ aró lábẹ́ ìbora, wúrà lórí ìbora.”